Ọkọ̀ àlòkù méjì wà níwájú mi: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Afẹsẹ̀rìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, owó tí mo ní kò sì tó ra tuntun, nítorí náà àlòkù ni mo ń wá. Ọkọ̀ méjì ni mo ti rí báyìí. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ẹ́ńjìnnì wọn bá ara mu, gíà ọ̀tọmátíìkì sì ni àwọn méjèèjì ń lò. Ọmọ ọdún méje ni ti àkọ́kọ́. Ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń fi ọkọ̀ títà ṣòwò, òǹkà rẹ̀ sì fi hàn pé 48,000 kìlómítà péré ló tíì rìn. Ara rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ń ta sánsán, wọ́n tilẹ̀ ti fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ débi pé kò sí eruku lórí rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ti rin 164,000 kìlómítà, ara rẹ̀ sì ti họ níbi mélòó kan. Ẹni tó ń lò ó gan-an ló ń tà á, ó sì kó rìsíìtì gbogbo àtúnṣe tó ti ṣe sí i jọ sínú fáìlì kan. Iye tí wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́ fi díẹ̀ ju ti èkejì lọ.

Gbogbo ará ilé mi ló ní kí n mú ti àkọ́kọ́ nítorí pé kò tíì rìn púpọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀, torí ẹni tó ń tà á kò jẹ́ kí n sinmi: ó ní ẹlòmíràn ti fẹ́ san owó rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n yẹ̀ wò lára àwọn méjèèjì, báwo ni màá sì ṣe mọ èyí tó sàn?

Ọwọ́ Ọ́ìlì

Àbúrò mi, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe jẹun, nítorí náà ti abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ni màá sọ. Àwọn tó mọ̀ nípa ara ọkọ̀ àti ìwé á bá wa sọ tiwọn. Kó o tó kúrò nílé, pe ẹni tó ń tà á, kó o bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe tan ọkọ̀ náà títí wàá fi dé. Bó o bá débẹ̀, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, a jẹ́ pé wọ́n ti mú un gbóná sílẹ̀ dè ọ́. Púlọ́ọ̀gì tó ti ń kú, ṣéènì tó ti rọ̀, bátìrì tó ti gbó, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì, ìgbà tí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú tí a wá tan án ni àṣírí gbogbo wọn máa ń tú.

Nígbà tó bá ṣì tutù, fa géèjì ọ́ìlì yọ, kó o wo bó ṣe ga tó àti àwọ̀ rẹ̀. Pé ọ́ìlì dúdú kì í ṣe àrùn, ó kàn fi hàn pé ó ti ṣiṣẹ́ ni. Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni ọ́ìlì tó ti lọ sílẹ̀ ju àmì ìsàlẹ̀ lọ, tàbí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti di funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, kó o fi iná wo inú rẹ̀. Bó o bá rí ohun funfun kan tó ki níbẹ̀, omi ti ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì nìyẹn, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, sì ti jó. Ṣí rẹdiétọ̀ náà wò, àmọ́ kó jẹ́ nígbà tó bá tutù nìkan o, nítorí pé omi rẹ̀ tó bá gbóná lè tú jáde kó sì bó èèyàn lójú. Wo bóyá ọ́ìlì léfòó lórí omi náà, tàbí bóyá ìpẹtà ti sọ ọ́ di pupa.

Lẹ́yìn èyí, ní kí ẹnì kan bá ọ tan ọkọ̀ náà, kí ìwọ sì dúró sẹ́yìn lọ́dọ̀ọ sàlẹ́ńsà. Bí èéfín rẹ̀ bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá dúdú, epo tó ń wọlé ti pọ̀ jù. Èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́ tó pòórá láìpẹ́ kì í ṣe nǹkan kan, oru omi tó sùn sínú páìpù ni. Ṣùgbọ́n bó bá nípọn, tí kò lọ bọ̀rọ̀, tí òórùn rẹ̀ sì dùn lọ́nà kan ṣá, omi rẹdiétọ̀ ló ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tan AC rẹ̀, kó o sì máa wo ọwọ́ ìwọ̀n ooru, kó o lè rí i bóyá fáànù á tan fúnra rẹ̀, bóyá ọwọ́ náà á sì dúró sójú kan.

Ní ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fọ̀ yẹn, èmi kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Eruku tó gbẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì máa ń fi ibi tí ọ́ìlì ti ń jò hàn kedere, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fọ̀ lánàá kò ní ẹ̀rí kankan láti jẹ́.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, ṣírò rẹ̀ wò: 48,000 kìlómítà ní ọdún méje kò tó 7,000 lọ́dún. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Wo rọ́bà tó wà lójú bírékì níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, wo ibi tí ọwọ́ máa ń dì mú lára sítíárìn, kó o sì wo etí ìjókòó awakọ̀ níbi tí ara máa ń gbo nígbà tí a bá ń wọlé. Bí gbogbo wọn bá ti jẹ, tí òǹkà sì ń sọ pé 48,000, òǹkà ló ń purọ́. Àwọn kan rò pé òǹkà ìgbàlódé tó ń fi iná kọ nọ́ńbà kò ṣeé yí padà. Ó ṣeé yí, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ kì í pẹ́ rárá tó fi ń yí i.

Awakọ̀ Òru

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Màmá lápá kan, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ pé gbogbo ọkọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ jẹ ni wọ́n ti yí òǹkà rẹ̀ padà. Awakọ̀ tó ń rìn láàárín ìlú, tó ń dúró tó tún ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí bírékì. Ní ìdà kejì, kìlómítà tó kéré kì í ṣe oore nígbà gbogbo. Ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé sójú kan fún oṣù púpọ̀, rọ́bà rẹ̀ á gbẹ, bírékì rẹ̀ á dípẹtà. Èyí tó bá sì ń rin ìrìn kúkúrú nìkan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná tán kí wọ́n tó pa á. Mo ti wa ọkọ̀ tó ti rin 300,000 kìlómítà lójú ọ̀nà gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì dákẹ́ ju ti ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń lọ ọjà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kó o wà á wò. Má gbà kí wọ́n gbé ọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa wà á kiri fún ọ. Ìwọ ni kó o wà á, tàbí ẹni tó o fọkàn tán tó mọ ọkọ̀ wà, kí ẹ sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, ní ojú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun àti ní ibi tí ẹ ti lè sáré. Pa rédíò, kódà bí ẹni tó ń tà á bá ń sọ pé ohùn rẹ̀ dára. Kí ẹ tó gbéra, tẹ bírékì mọ́lẹ̀, gbé gíà sí ẹ̀yìn, kó o tún gbé e síwájú. Ó yẹ kó gbà kíákíá láìdún gbì. Bó bá jẹ́ pé ó ń ronú kó tó gbà, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń ké lójú ọ̀nà tí ìrìn kò sì pọ̀ sí i, gíà ti ń kú. Ní pápá gbalasa, yí sítíárìn dé òpin sí ọ̀tún, kó o máa rọra yí po, lẹ́yìn náà kó o ṣe bẹ́ẹ̀ sí òsì. Bó o bá gbọ́ kà-kà-kà lẹ́sẹ̀ táyà iwájú, CV joint, ìyẹn oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà, ti jẹ. Ní ibi tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn, tẹ bírékì le díẹ̀: kò gbọ́dọ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú bírékì kò sì gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀.

Bó o bá dúró, fi gbogbo ara tẹ igun kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ kó o jù ú sílẹ̀. Bó bá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ tó ń fò, ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ ti kú. Mú òòfà kékeré dání pẹ̀lú, kó o máa fi kan ara rẹ̀ yíká. Ibi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ibi tó tẹ̀ kó lè tẹ́jú, ni wọ́n fi dí ibẹ̀.

Panẹlibítà Àgbà

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ Òru, ọ̀rọ̀ òòfà yẹn lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ló jẹ́ pé alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe bónẹ́ẹ̀tì wọn, àwọn mìíràn ní fẹ́ńdà oníke, òòfà kò sì ní lẹ̀ mọ́ wọn bó ti wù kí wọ́n jẹ́ ojúlówó tó. Bákan náà, bí fílà bá tẹ́ẹ́rẹ́, òòfà á ṣì lẹ̀ mọ́ irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Ọ̀dà tí ọkọ̀ bá gbé wá láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 100 sí 180 máíkírọ́ònù (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ònù ló wà nínú mílímítà kan). Bí ilẹ̀kùn kan bá kà 120 tí èyí tó tẹ̀ lé e kà 300, wọ́n ti tún ìkejì kùn. Bó bá kọjá 500, ó dájú gan-an pé fílà wà lábẹ́ rẹ̀. Pé wọ́n tún ọkọ̀ kùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ họ́ọ́họ́ọ́ lásán ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́. Ibi tí wọ́n ti tún un kùn ló ṣe pàtàkì, àti bóyá wọ́n sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ náà ṣì lè lo ojú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní igun iwájú, kí ẹ fi ojú tọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà dé ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ á fi ibi tó bá rí wúruwùru hàn yín. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín bónẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà, àti láàárín ilẹ̀kùn kan àti èkejì, bóyá ti ọ̀tún àti ti òsì bára mu. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo orí àwọn bọ́ọ̀tì tó so fẹ́ńdà mọ́ ara ọkọ̀: bí sípánà bá ti họ ọ̀dà orí wọn, wọ́n ti tú fẹ́ńdà náà rí. Ẹ wo rọ́bà etí ilẹ̀kùn, bóyá ọ̀dà ta sí i. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, kí ẹ gbé sípíà táyà kúrò, kí ẹ sì wo irin abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi máa ń kọ́kọ́ lọ, torí àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe láti tà kì í náwó sí ibi tí ojú kì í dé. Irin tó ká kò, tàbí ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ tí kò rí bí ti ilé-iṣẹ́, túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kan ti gbá a lẹ́yìn gidigidi.

Ẹ má gbàgbé ọkọ̀ tí àgbàrá ti gbé. Òórùn dídùn tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ a máa mú mi fura, pàápàá bí wọ́n bá ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde pátápátá, torí àwọn tó ń fọ inú ọkọ̀ kì í sábà rántí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ tàbí ìlà omi bá wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ fi iná wo abẹ́ ìjókòó, bóyá bọ́ọ̀tì àti irin tó ń gbé e síwájú sẹ́yìn ti dípẹtà. Omi kì í pa ẹ́ńjìnnì nìkan. Àwọn wáyà tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì á máa jẹra díẹ̀díẹ̀, wàhálà rẹ̀ sì lè má yọjú títí oṣù púpọ̀ á fi kọjá.

Ọwọ́ Ọ́ìlì

Panẹlibítà Àgbà ti bá mi sọ ti òòfà. Èmi náà fẹ́ tún ti ṣọ́ọ̀kù ṣe. Títẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lè fi ṣọ́ọ̀kù tó ti kú pátápátá hàn, ṣùgbọ́n èyí tó ti kú dé ìdajì kò ní fò lábẹ́ ọwọ́ èèyàn, pàápàá lára ọkọ̀ tí sípíríìnì rẹ̀ le. Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kù náà bóyá ọ́ìlì ti jò sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ pa ojú táyà: bó bá ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan nìkan, tàbí tó rí gbágungbàgun, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ń fẹ́ iṣẹ́.

Alákọsílẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ ìbánigbófò ni mo ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ni mo sì máa ń béèrè kí n tó wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo wa ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọ́ìlì àti ọ̀dà nígbà tí oníbéèrè ti sọ pé ìwé ọkọ̀ àkọ́kọ́ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Títí ìwé á fi dé, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ àsansílẹ̀ kékeré.

Láti nǹkan bí ọdún 1981, nọ́ńbà ṣásí ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Wọn kì í lo lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí a má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, yálà ẹ ti ṣì í kà ni o, tàbí ẹnì kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nọ́ńbà náà. Ẹ wá a níbi púpọ̀: ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, àti ibi tí wọ́n fín in sí lára irin ọkọ̀ gan-an. Kí gbogbo wọn bá ara wọn mu, kí wọ́n sì bá ìwé mu ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bó bá dà bí ẹni pé wọ́n ti ha ibẹ̀, tàbí tí ríbẹ́ẹ̀tì tó di irin nọ́ńbà náà mú jẹ́ tuntun lára ọkọ̀ tó ti gbó, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ béèrè káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń tà á, kí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti inú ìwé. Bí kì í bá ṣe òun ló ni ín, kó fi ìwé àṣẹ ẹni tó ni ín hàn. Ẹ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó yáni lówó lórí ọkọ̀ lè wá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á láìmọ̀.

Ẹ tún fi nọ́ńbà ṣásí wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti pè é padà fún àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ éábáàgì (àpò afẹ́fẹ́ tó ń ṣí láti dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá) tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe ni àpẹẹrẹ tó tóbi jù. Ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú éábáàgì náà a máa bàjẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀, ó sì lè bú kó ta irin sí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. Èèyàn ti bá a lọ. Ní Amẹ́ríkà nìkan, iye éábáàgì tí wọ́n pè padà lé ní 60 mílíọ̀nù, Takata sì kéde ní 2017 pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Ọkọ̀ onírúurú ilé-iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, a sì ṣì ń rí èyí tí wọn kò tíì tún ṣe láàárín àwọn àlòkù. Fún ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó níbẹ̀, ní ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi nọ́ńbà ṣásí wádìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ náà ní tiwọn.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀rọ̀ pọ̀, ọmọ mi. Bí o kò bá lè há gbogbo rẹ̀ sórí, mú mẹkáníìkì dání. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ tìrẹ o, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á júwe fún ọ.

Awakọ̀ Òru

Kódà tirẹ̀, ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un kí ẹ tó jáde nílé, kó sì mọ̀ pé òun á gba owó náà yálà ẹ ra ọkọ̀ tàbí ẹ kò rà á. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó tà ni wọ́n ti ń gba tiwọn.

Onísíkáànì

Mo ti ń kà á bọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ tọ́ka sí nínú ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Ọ́ìlì. Ohun funfun tó wà lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ti tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì. Níbi tí òtútù bá wà, tí ọkọ̀ sì ń rin ìrìn kúkúrú, oru omi máa ń dì sábẹ́ ìdérí náà láìsí àìsàn kankan. Ẹ wo géèjì pẹ̀lú. Bí ọ́ìlì tó wà lára rẹ̀ bá mọ́, tí omi rẹdiétọ̀ kò sì dín kù, ẹ má tíì sá. Ẹ̀rọ kan wà tí a ń gbé lé ẹnu rẹdiétọ̀, omi inú rẹ̀ a máa yí àwọ̀ padà bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ń wọ inú omi rẹdiétọ̀ náà. Ìyẹn ló ń parí àríyànjiyàn.

Ẹ má ṣe ra ọkọ̀ láì fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Ihò onípíìnì mẹ́rìndínlógún tí a ń fi ẹ̀rọ síkáànì bọ̀ ti wà lára gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, ó sì di dandan fún ọkọ̀ tuntun tó ń lo bẹntiróòlù ní Yúróòpù láti 2001. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀ ló sábà máa ń wà. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á ti tàn. Iná ẹ́ńjìnnì, ti éábáàgì àti ti ABS (ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bírékì le) gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn náà. Iná tí kò tàn rárá burú ju èyí tó tàn tí kò kú lọ, nítorí pé ó lè jẹ́ ṣe ni wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ọwọ́ Ọ́ìlì

Mo gbà fún ọ lórí ti ìdérí ọ́ìlì. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn, ó sì wà.

Afẹsẹ̀rìn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin màmá. Mo ti lọ wo àwọn méjèèjì pẹ̀lú mẹkáníìkì kan tí mo san owó rẹ̀ ṣáájú, bí ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ Òru ti wí.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́: bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbóná kí a tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ̀ wọ́n. Rọ́bà ojú bírékì rẹ̀ jẹ́ tuntun pátápátá, ṣùgbọ́n sítíárìn ti ń dán níbi tí ọwọ́ ń dì mú. Irin bírékì iwájú ti jẹ wọnú gan-an. Ẹ̀rọ síkáànì kò rí àṣìṣe kankan, àmọ́ mẹkáníìkì mi ní ohun púpọ̀ níbẹ̀ ló ń sọ pé àyẹ̀wò kò tíì parí, kò sì lè ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi dáadáa. Ìwé kò tíì dé.

Ọkọ̀ kejì: ó tutù, ó sì tan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́ìlì ń jò díẹ̀ láti abẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà ara táyà méjì ẹ̀yìn jẹ́ 2319, ti iwájú sì jẹ́ 0812. Bẹ́líìtì táímíìnì ló ń lò, kì í ṣe ṣéènì, n kò sì rí rìsíìtì kankan nínú fáìlì rẹ̀ tó sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Gíà rẹ̀ ń gbà dáadáa. Ṣé kí n bẹ̀rù bẹ́líìtì yẹn?

Onísíkáànì

Ohun tí mẹkáníìkì yín rí lára ọkọ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń yẹ àwọn ẹ̀yà kan wò fúnra rẹ̀, irú bí èyí tó ń fọ èéfín nínú páìpù sàlẹ́ńsà. Bí ẹnì kan bá pa àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ rẹ́, àbájáde gbogbo àyẹ̀wò yẹn á pa rẹ́ pẹ̀lú, ó sì di ìgbà tí ọkọ̀ bá rìn fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú títan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù àti ìrìn ojú ọ̀nà gbọọrọ, kí wọ́n tó parí padà. Nítorí náà, àìsí àṣìṣe pẹ̀lú àyẹ̀wò tí kò parí sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ kí ẹ tó dé. Bátìrì tí wọ́n tú kúrò náà lè fa á, mi ò ní fi ẹ̀sùn kan ẹni tí n kò mọ̀. Ẹ sọ fún un pé kó máa wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ padà wá síkáànì rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ kò ní bínú sí ìyẹn.

Panẹlibítà Àgbà

Rọ́bà bírékì tuntun, sítíárìn tó ti dán, irin bírékì tó ti jẹ wọnú, gbogbo rẹ̀ lára ọkọ̀ 48,000 kìlómítà? Èmi ò ní padà lọ síbẹ̀.

Ọwọ́ Ọ́ìlì

Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn lórí ọkọ̀ kejì. Ìjò abẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá, rọ́bà inú rẹ̀ ló ti gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì wúwo. Nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, 0812 sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2012. Táyà iwájú yẹn ti dàgbà jù, ì báà jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ kọjá mílímítà 1.6 tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe òfin, nítorí pé rọ́bà a máa gbó láti inú wá. Dúró ná: bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ṣé táyà 2012 kò dàgbà ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ? Àlòkù ni wọ́n rà sí i. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Bẹ́líìtì táímíìnì, èyí tó ń mú kí písítìnì àti fáàfù inú ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní ìbámu, ni kó o mú ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín nǹkan bí 100,000 sí 160,000 kìlómítà, tàbí bí iye ọdún kan bá pé, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Wo ìwé ìlò ọkọ̀ náà fún èyí tó bá tirẹ̀ mu. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bó bá já lójú ọ̀nà, písítìnì á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́ kọjá ohun tó o lè fi owó kékeré tún ṣe. Níwọ̀n bí kò ti sí rìsíìtì, kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Béèrè iye bẹ́líìtì, pọ́ǹpù omi àti iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mẹkáníìkì rẹ, fi iye táyà méjì kún un, kó o sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó ọkọ̀. Má wà á lọ ọ̀nà jíjìn kó o tó pààrọ̀ rẹ̀.

Awakọ̀ Òru

Ọ́ìlì gíà ńkọ́? Mo máa ń gbọ́ pé bí wọn kò bá ti pààrọ̀ rẹ̀ láti 100,000 kìlómítà, kí a má fọwọ́ kàn án mọ́, pé gíà á kú bí a bá pààrọ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ Ọ́ìlì

Ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ láàárín àwa mẹkáníìkì, kò sì parí. Èrò tèmi ni pé gíà tó kú lẹ́yìn pípààrọ̀ ọ́ìlì ti ń kú tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn sábà máa ń dúró di ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á wá di ẹ̀bi ru ọ́ìlì tuntun. Bí gíà bá ń gbà dáadáa bí ti Afẹsẹ̀rìn yìí, jẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀ kí wọ́n sì rọ òmíràn, kí wọ́n má fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ tipátipá. Kó sì jẹ́ irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní géèjì gíà mọ́, abẹ́ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá ní géèjì, fa á yọ kó o gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ti dúdú, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Alákọsílẹ̀

Bí ẹ bá pinnu láti mú èkejì, ẹ kọ ìwé àdéhùn ní ẹ̀dà méjì. Kí nọ́ńbà ṣásí wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye kìlómítà tó wà lórí òǹkà lọ́jọ́ náà, iye owó, orúkọ àti ìbuwọ́lùwé ẹ̀yin méjèèjì, àti déètì pẹ̀lú aago gan-an. Àwọn èèyàn kì í ka aago sí, ṣùgbọ́n bí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀ tàbí tí wọ́n ti ya fọ́tò ọkọ̀ náà pé ó sáré jù láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ rà á, aago ló ń sọ ẹni tó kàn. Ẹ san owó náà gba báńkì kí àkọsílẹ̀ lè wà, kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ kejì àti ìwé ìlò ọkọ̀, kí ẹ sì ti parí ti ìbánigbófò kí ẹ tó gbé e kúrò níwájú ilé rẹ̀.

Afẹsẹ̀rìn

Mo bá ẹni tó ni ọkọ̀ kejì sọ̀rọ̀. Ó ní òun rọ táyà iwájú náà sí i nígbà tí èyí tó wà níbẹ̀ bẹ́, àti pé òun kò pààrọ̀ bẹ́líìtì rí. Ó gbà láti yọ owó bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù omi kúrò. Ti táyà ni a ṣì ń fà. Ẹni tó ní ti àkọ́kọ́ kò gbà kí n padà wá síkáànì rẹ̀.

Ọwọ́ Ọ́ìlì

Má fa ti táyà jù, ẹni tó sọ òótọ́ nípa bẹ́líìtì láìjẹ́ pé o fi ipá mú un ti ṣe ọ́ lóore. Bó o bá ti gbà á, pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí o bá ń ṣe bẹ́líìtì, kó o sì kọ iye kìlómítà rẹ̀ sínú fáìlì yẹn.